Ẹsẹ̀ Òsì Synneva

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Ọjọ́ náà ló dé yìí, kí ẹnu mi tó wúwo jù. Dókítà ti ní kí èmi Eldbjørg má fọkàn sí yìnyín ọdún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìlú Røros kò tíì mọ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe fún Synneva, ọmọ àbúrò mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo bí àwọn eléré síkì, tó ń de pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀, ṣe ń yọ̀ lórí yìnyín. Mo máa ń lẹ àwọn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ, tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, mọ́ àyà, ìbàdí àti ẹsẹ̀ wọn. Ẹ̀rọ náà a máa ka bí ara ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Bí Synneva bá ń gba orí adágún tó ti dì kọjá, èmi a wà nínú yàrá, màá máa wò ó lójú kọ̀ǹpútà: ènìyàn ìmọ́lẹ̀ tí kò lójú tí kò nímú, tó ń léfòó lọ nínú òkùnkùn bí ẹni tó ń lá àlá. Ó lẹ́wà débi pé mo máa ń gbàgbé pé ọmọ ènìyàn kan ń làágùn níta. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìgbésẹ̀ gígùn kan, ó sì ń fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìgbésẹ̀ náà níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Stockholm. Orí mi wú. Àfi bí ènìyàn ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ń sá fún ilẹ̀. Mo mọ̀ pé egungun ìbàdí ló ń ké. Mo tún mọ̀ pé bí mo bá sọ fún Tarjei, kóòṣì rẹ̀, yóò dá a dúró, ìgbésẹ̀ mi yóò sì di ẹ̀sín. Mo mú ìlà tí ẹ̀rọ yà fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo fi bo ti òsì mọ́lẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ènìyàn ìmọ́lẹ̀ mi tún ń yọ̀ geere. Bí kì í bá ṣe ìkà, kí ni kí n pe ara mi?

Synneva wá bá mi, búrẹ́dì àti wàràkàṣì lẹ́nu rẹ̀. "Àǹtí, ẹsẹ̀ òsì mi yìí, àfi bíi pé mo yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn." Mo ní, "Ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan. Àyà rẹ ló kàn ń já." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ yín yìí mọ̀ mí ju ìyá mi lọ ṣá! Ó dáa, mo ti gbọ́."

Lọ́jọ́ ìdíje, yìnyín rọra ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, agogo tí àwọn òǹwòran fi ń yin àwọn eléré ń dún bíi pé láti ìsàlẹ̀ omi ni. Synneva ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn igbó nígbà tí ẹsẹ̀ òsì kọ̀. Egungun ìbàdí kán. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wo ọ̀run, kò tilẹ̀ ké.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ní ọsibítù, Tarjei ń jágbe mọ́ ọn: "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé ó ń dùn ọ́?" Synneva yíjú sí mi. "Àǹtí, ó ní láti jẹ́ pé mi ò tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi. Àbí?" Ilẹ̀kùn òtítọ́ ṣí gbayawu. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. O ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Ó gbà mí gbọ́. Kò wọ síkì mọ́ láti ìgbà náà. Ó ń tiro. Bí orí bá sì ń fọ́ ọ, yóò kọ́kọ́ bi ẹlòmíràn bóyá òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó ń bó ọsàn fún mi lẹ́bàá ibùsùn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ọsàn náà kalẹ̀. "Mo mọ ẹsẹ̀ mi nígbà náà," ló wí. "Mo mọ̀ ọ́n, Àǹtí." Ó sunkún, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ. Kò tíì padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má fẹ́ràn àwòrán ju ẹni tó ni ín lọ. Bí ẹni tó ni ara bá ní ó ń dun òun, ẹ gbà á gbọ́. Synneva, mi ò ní kí o padà wá. Mo kàn ń bẹ̀ ọ́ ni: dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, má ṣe bi ẹnikẹ́ni bóyá ó tọ́.