Wọ́n Ní Kí N Kúnlẹ̀ Bẹ̀bẹ̀ Nítorí Páìpù Èéfín

Ọkọ mi kò sí nílé mọ́. Láti ìgbà tí ooru ti mú títí di ìsinsìnyí tí àwọn igi ti ń wọ́wé, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lawrenceville, níbí ní Amẹ́ríkà, ló ń sùn tó ń jí. Èmi nìkan ló kù sí ilé wa ní Stone Mountain. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mo gbé ìkòkò kaná, n kì í mọ ìwọ̀n tí mo máa sè mọ́, nítorí ọwọ́ mi ti mọ́ oúnjẹ ẹni méjì. Àṣẹ́kù ọbẹ̀ ti kún inú fíríìsà dé ẹnu. Ó ń dùn mí o! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọkàn mi le bí òkúta. Ṣùgbọ́n ẹbí ọkọ mi ní kí n wá kúnlẹ̀ níwájú àwọn, kí n bẹ̀bẹ̀, kí n fi ẹnu ara mi sọ pé mo ṣìṣe, kí ọkọ mi tó lè padà wálé. Kí ni mo ṣe? Ṣé mo jalè ni? Ṣé mo yan àlè ni? Páìpù èéfín mọ́tò tí wọ́n gé ní ìgékúgèé ni mo ní kí wọ́n tún ṣe. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ délẹ̀ kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Ọmọ awakọ̀ lọ́rì ni ọkọ mi. Bàbá wọn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ló ń kó iṣu láti òkè Ọya wá sí ìlú wọn nígbà ayé wọn, inú lọ́rì yẹn ni wọ́n sì ti rí owó ilé ìwé gbogbo ọmọ wọn san. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Àgbà, ló máa ń bá Bàbá rìn nígbà ìsinmi, àwọn ló ń fi igi há ẹ̀yìn táyà tí lọ́rì bá dúró lórí òkè. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì, tó rí mọ́tò àtijọ́ kan rà, irú èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní RV, tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó ní sítóòfù, tó ní ilé ìwẹ̀ nínú, tó sì jẹ́ pé dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu bíi lọ́rì, ẹ kò lè mọ bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó. "Lọ́rì Bàbá" ló sọ ọ́. Ó ní òun á fi gbé gbogbo ọmọ àti ọmọ ọmọ káàkiri Amẹ́ríkà. Èmi náà bá a yọ̀, mo rán kọ́tìnì tuntun sí ojú fèrèsé rẹ̀, mo sì to àwo àti ìkòkò sínú rẹ̀ bí ìyàwó tuntun.

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe mọ́tò náà. Sáílẹ́ńsà rẹ̀, ìyẹn àgbá irin tó máa ń pa ariwo ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, ti dípẹtà, ó ti ń jò. Àwọn mẹkáníìkì ní kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Àgbà fi àwọn mẹkáníìkì ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní gbogbo awakọ̀ lọ́rì tó mọṣẹ́ nílé ló ń yọ sáílẹ́ńsà dànù, kí ẹ́ńjìnì lè mí, kó lè gun òkè tòun tẹrù. Wọ́n ní bí Bàbá ṣe ṣe tiwọn nìyẹn, àti pé láti òkèèrè ni gbogbo àdúgbò ti máa ń gbọ́ ohùn lọ́rì náà, tí àwọn ọmọ á máa sáré jáde pé Bàbá ti dé. Ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá wọ abẹ́ RV lọ ní ọjọ́ Sátidé kan, àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn! Wọ́n gé sáílẹ́ńsà dànù, wọ́n gé páìpù gígùn tó yẹ kó dé ìdí mọ́tò, wọ́n wá yọ kúkúrú kan sí ẹ̀gbẹ́, ní abẹ́ yàrá gan-an. Nígbà tí wọ́n tanná sí ẹ́ńjìnì, gbogbo àdúgbò wa ló ṣílẹ̀kùn. Bọ̀ọ̀dá Àgbà bú sẹ́kún, wọ́n dì mọ́ àbúrò wọn, wọ́n ní, "Ohùn Bàbá nìyẹn! Ohùn Bàbá wa nìyẹn!" Èmi gan-an rẹ́rìn-ín, mo sì gbé omi tútù fún wọn.

Àṣìṣe tí ọmọ awakọ̀ lọ́rì nìkan lè ṣe nìyẹn. Iṣu ló wà lẹ́yìn lọ́rì Bàbá, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ta ló gbọ́ ọ rí pé orí ń fọ́ iṣu? RV, ilé ni. Èèyàn ló ń sùn nínú rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ á wà ní títì, AC á sì máa fẹ́. Láti ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbé e jáde ni orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi bí mo bá wà lẹ́yìn. Ọkọ mi tó jókòó níwájú, tó ṣí fèrèsé tirẹ̀ sílẹ̀ kó lè máa gbọ́ ohùn Bàbá rẹ̀, nǹkan kan kò ṣe é. Álámù kan wà lókè àjà tó máa ń ké bí èéfín burúkú bá kóra jọ. Ó ké títí, ọkọ mi yọ bátìrì rẹ̀, ó ní orí rẹ̀ ti dàrú. Nọ́ọ̀sì ni mí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní, "Bàbá Tósìn, èéfín ló ń wọlé yìí o." Ó ní mo ti tún gbé ìwé nọ́ọ̀sì mi dé. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ọ̀tá ni kò fẹ́ kí a jẹ ìgbádùn ọjọ́ alẹ́ wa, wọ́n wá fi òróró sí sítíárì. Mo ṣe àmín. Mo gba àdúrà gbọ́ o, ṣùgbọ́n òróró kì í dí ihò páìpù.

Lọ́jọ́ kan, Tósìn ọmọ wa ń lọ síbi iṣẹ́, ó wá gbé ọmọ rẹ̀ Ire sílẹ̀ fún wa. Ọkọ mi ní kí a gbé e lọ síbi tí àwọn ọmọdé ti ń lúwẹ̀ẹ́ létí omi. Bí a ṣe dé orí títì márosẹ̀ 285, gbogbo mọ́tò dúró, ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ níwájú. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, a kò kúrò lójú kan. Ọmọ náà ní orí ń dun òun, mo ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àṣé orí páìpù gan-an ni mo tẹ́ ọmọ mi sí! Nígbà tó yá, mo gbé omi lọ fún un. Mo pè é, kò dáhùn. Mo jì í, ọrùn rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yéè! N kò mọ irú igbe tí mo ké. Mo gbá ilẹ̀kùn ṣí, mo gbé e bọ́ sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń pe gbogbo orúkọ tí a sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó pẹ́ kó tó lajú, ó sì ń bì. Ní ilé ìwòsàn wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n ní èéfín ló wọ̀ ọ́ lára, wọ́n ní bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yíwọ́. Ọkọ mi gbé orí sọ́wọ́, kò lè wo ojú mi. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn.

Kò parí o. Bọ̀ọ̀dá Àgbà wá kí ọmọ, wọ́n ní àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ni ara wọn kò gba nǹkan kan, pé òyì ọkọ̀ ló kọ́ ọ. Díẹ̀ díẹ̀, ọkọ mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Wọ́n wá ní àwọn máa ṣe ìrántí Bàbá, pé gbogbo ọmọ ọmọ ìdílé ló máa wọ Lọ́rì Bàbá lọ sí Florida. Mo ní kí a tún páìpù ṣe kó tó gbéra. Ọkọ mi ní wọ́n á ṣí fèrèsé. Mo bẹ̀ ẹ́ lórí oúnjẹ, mo bẹ̀ ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní kí Tósìn bá a sọ̀rọ̀, ó ní èmi ni mo kọ́ ọmọ ní àfojúdi. Kí ni kí n ṣe? Kí n káwọ́ gbera kí wọ́n kó àwọn ọmọ ọlọ́mọ sórí iná? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ mi bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, mo mú kọ́kọ́rọ́, mo gun RV. Èmi tí n kò wa nǹkan tó tóbi ju káà kékeré lọ rí! Bí mo ṣe ń lọ ló ń bú ramúramù, àwọn èèyàn ń yọjú wò mí, òógùn bò mí, mo sì ń sọ fún un pé kó máa pariwo rẹ̀, pé ìkẹyìn rẹ̀ nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Tucker tí wọ́n ti ń jó irin ìdí mọ́tò ńlá. Mo ní kí wọ́n yọ ìgékúgèé yẹn, kí wọ́n fi sáílẹ́ńsà tuntun sí i, kí wọ́n fa páìpù gígùn kọjá abẹ́ yàrá títí dé ìdí mọ́tò, kó yọ síta dáadáa, kí èéfín bá afẹ́fẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e sókè, mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo fi ojú ara mi rí ihò tí ooru páìpù ti jó sí ilẹ̀ yàrá. Ìka mi wọ inú rẹ̀. Wọ́n fi irin dí i, wọ́n fi rọ́bà so páìpù kó má baà máa gbọ̀n. Mo ní kí wọ́n tanná sí i, mo ti gbogbo fèrèsé, mo gbé álámù tuntun lé itan, mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Álámù kò ké. Orí kò fọ́ mi. Ẹ gbọ́ o, mo sùn lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ló wá kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó rí mi jí.

Nígbà tí ọkọ mi dé, tó tan ẹ́ńjìnì, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń kùn lọ. Ó pa á, ó tún tan án. Ó sọ̀kalẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó wá wò mí. Kò pariwo. Ó ní, "Màmá Tósìn, níbo lo gbé ohùn Bàbá mi sí?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun, nítorí mo mọ̀ pé ohun tó nífẹ̀ẹ́ ni mo fọwọ́ kàn. Ó di báàgì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fagi lé ìrìn àjò Florida, gbogbo ẹbí sì ní èmi ni mo ba ìrántí Bàbá jẹ́.

Wọ́n pè mí sí ìpàdé ní Lawrenceville lọ́sẹ̀ tó kọjá. RV yẹn ni mo wa lọ, mo gbé e sójúde wọn kí gbogbo ojú rí i. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí Bọ̀ọ̀dá Àgbà àti ìyàwó wọn bí mo ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi níyàwó. Wọ́n ní kí n má tíì dìde, kí n kúkú fi ẹ̀bẹ̀ kún un. Mo dìde. Mo ní ìkúnlẹ̀ ìkíni ni mo ṣe, ti ẹ̀bẹ̀, ó di ọjọ́ tí ẹnì kan bá fi ohun tí mo bàjẹ́ hàn mí. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Àgbà pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Ó mà ṣe o! Ṣé ọmọ náà kú ni?" Háà! Mo ní, "Ẹ̀yin Màmá, ṣé ó di ìgbà tí a bá sin ọmọ kí n tó jàre? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí Ire wọ́ lọ́wọ́ mi, àgbà ni mí!" Ilẹ̀ ni ọkọ mi ń wò.

Ó sìn mí dé ìdí mọ́tò. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "Kàn sọ pé 'ẹ má bínú' fún Bọ̀ọ̀dá. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Kí n lè bá ẹ lọ sílé." Ojú rẹ̀ ti rù. Ọlọ́run ló mọ̀ bí mo ṣe fẹ́ kó wọlé kó jókòó tì mí. Ṣùgbọ́n mo ní, "Bàbá Tósìn, bí mo bá ní kí wọ́n má bínú lónìí, a jẹ́ pé mo gbà pé mo ṣìṣe. Lọ́la, wọn á gé páìpù náà padà, ẹ̀yin náà á sì tì wọ́n lẹ́yìn. Ilẹ̀kùn ilé yín kò tì." Mo gun mọ́tò, mo sì sunkún dé ilé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀nà wo ni mo lè gbà mú ọkọ mi wálé láì purọ́ mọ́ ara mi? Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo ń wá a, àárò rẹ̀ ń sọ mí gidigidi. Ẹ gbà mí ní gbogbo ìmọ̀ràn tó bá wù yín, mo ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé kí n kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, kó kọ́kọ́ tẹ́ ọmọ ọmọ tirẹ̀ sórí páìpù yẹn ná.