Obìnrin Jámánì Tí Kò Kó Ẹja

Lórí ìlà búrẹ́dì l'Ágége, ọmọge kan tó wà níwájú mi ń fi fídíò orí fóònù rẹ̀ han màmá Ìlàjẹ tó dúró tì í. Títí dòní, mi ò mọ ẹni tọ́rọ̀ náà rú lójú jù nínú àwa mẹ́ta.

"Mà, ó ti lé lógún ọdún tí obìnrin Jámánì yìí ti ń fi ọkọ̀ sáré lórí omi. Góòlù ìdíje tó gbà ò níye."

"Kí ló kó sínú ọkọ̀?"

"Kò kó nǹkan kan, mà."

"Ta ló wá ń gbé sọdá?"

"Òun nìkan ni. Ó bímọ, ó tún padà mú àjẹ̀ ìtukọ̀."

"Èmi náà bímọ. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìkómọ ni mo padà sódò."

"Ṣé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yín?"

"Àtẹ́wọ́ kẹ̀? Ẹja ni wọ́n béèrè."