Gìtá Tí Okùn Rẹ̀ Dẹ̀

Ẹ ti gbé gìtá mi tà. Mo gbé e wá fún àtúnṣe ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ìyàwó rẹ gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà yìí, ẹ sì gbé e tà. Bọ́dúnrìn, ẹ gbé e tà! Mo wá gba nǹkan mi láàárọ̀ yìí, ìyàwó rẹ ń wo ilẹ̀, ìwọ ń wo òkè, ẹ wá ní kí n jókòó. Kí n jókòó ṣe kí ni? Gbé àga yẹn kúrò níwájú mi. Mo ní mi ò jókòó!

Má sọ fún mi pé kí n rọra. Ta ni mo fẹ́ rọra fún, àwọn tó ń kọjá lójú títì? Jẹ́ kí wọ́n gbọ́! Kí wọ́n gbọ́ pé Helen, ìyá Ìtùnú, gbé gìtá fún ẹni tó ń tún gìtá ṣe, ẹni tó ń tún gìtá ṣe sọ ọ́ di ọjà. Àwọn télọ̀ ni wọ́n máa ń bú, pé wọ́n ń wọ aṣọ oníbàárà lọ sóde. Télọ̀ ṣáà máa dá a padà bó bá ti òde dé! Aṣọ náà kàn máa rùn díẹ̀ ni. Tèmi dà? Mo ní tèmi dà?

Okùn rẹ̀ dẹ̀. Ṣé ohun tí ẹ rí sọ nìyẹn? Ràmọ́tà ìyàwó rẹ ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwé òfin, “Mọ́mì, okùn rẹ̀ dẹ̀ ni.” Pé ní ṣọ́ọ̀bù yín níbí, gìtá títà ni ẹ máa ń dẹ okùn rẹ̀ kí ẹ tó fi kọ́ ara ògiri, torí ó lè lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, okùn tó bá le á sì tẹ ọrùn rẹ̀, pé èyí tó wá fún àtúnṣe, ẹ kì í dẹ tirẹ̀, àfi bí ìwọ fúnra rẹ bá ti gbọ́ ohun tó ń ṣe é. Mo gbọ́. Àlàyé náà dára. Ṣé ẹ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ni? Ṣé ẹ pè mí sí ìpàdé tí ẹ ti fẹnu kò sí i? Ẹni tó ń kọjá lọ yẹn, tí mo bá pè é wọlé, ṣé ó máa mọ̀ pé okùn tó dẹ̀ túmọ̀ sí ẹ wá rà mí?

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo dẹ̀ ẹ́. Mi ò ní purọ́. Mo dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù yìí, mo dẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, Ràmọ́tà ń wò mí, fóònù wà létí rẹ̀. Mo ní, “Ràmọ́tà, kọ́kọ́rọ́ tó ń fa okùn kẹta ń yọ̀, kò dúró mọ́, sọ fún ọkọ rẹ.” Ó ní, “Mo ti gbọ́, mọ́mì.” Ó sì ń bá ẹni tó wà lórí fóònù rẹ́rìn-ín lọ. Kí ló wá gbọ́? Ràmọ́tà, má sá wọ inú lọ, mo ní kí lo gbọ́?

Ṣùgbọ́n bi mí léèrè ẹni tó kọ́ mi kí n máa dẹ okùn. Bi mí! O ò fẹ́ bi mí. Ìwọ ni! Ìwọ Bọ́dúnrìn yìí náà ni, nígbà ọyẹ́ èṣí, tí mo gbé e wá tí ọrùn rẹ̀ ti fẹ́ máa tẹ̀, o bá mi wí níbí bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo lè bí ọ, o ní, “Mọ́mì, ẹ máa ba gìtá yìí jẹ́ o, bí ẹ ò bá ní í lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ dẹ okùn rẹ̀, gìtá náà máa ń fẹ́ mí.” Àbí èmi ni mo sọ ọ́? Láti ọjọ́ yẹn, okùn rẹ̀ ò sùn ní líle mọ́. Mo ń dẹ̀ ẹ́ bí èèyàn ṣe ń tú ọ̀já ọmọ. Ẹ̀kọ́ tí o kọ́ mi ni mo tẹ̀ lé, òun náà lẹ fi gbé e tà! Yéè! Ta ni mo máa rò ó fún tí kò ní fi mí rẹ́rìn-ín?

Wọ́n ní ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ gbé e sórí wàsáàpù. Ẹgbẹ́ àwọn olórin Ìjẹ̀bú. Mo mọ ẹgbẹ́ náà. Mo ní kí wọ́n fi mí sí i lọ́dún méjì sẹ́yìn, ẹnì kan ní kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ. Ká ní wọ́n fi mí sí i ni, ǹ bá rí gìtá mi níbẹ̀, ǹ bá fò jáde nínú ilé pẹ̀lú ìró tí mo ró mọ́ àyà! Gbogbo ọkùnrin tó ń tẹ nǹkan láti Òde títí dé Odògbólú ló rí i, èmi tí mo ni ín nìkan ni mi ò rí i.

Owó? Ta ló bi ọ́ léèrè owó? Dá owó padà sápò. Mo ní dá a padà kí n má baà fà á ya!

O ní kí ni? Kí n mú òmíràn lára ògiri? Kí n mú èyí tó bá wù mí? Ha! Bọ́dúnrìn. Wo ọwọ́ yìí. Rárá, má gbójú kúrò, wò ó dáadáa. Ọwọ́ òsì nìyí, ìka méjì ló kù tó pé, mẹ́ta yòókù, ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ló jẹ wọ́n ní Ayépé, ọdún mẹ́sàn-án nìyí. Èwo nínú gìtá ara ògiri yìí ni mo fẹ́ fi èyí tẹ̀? Tọ́ka sí i, kí n mú un. Ó yá, tọ́ka sí i!

O ò lè tọ́ka, torí o mọ̀. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló tún gìtá yẹn ṣe bá ọwọ́ mi mu, lórí tábìlì yìí, níbi tí o jókòó sí yìí, o sì wà níbẹ̀ tí ò ń tan àtùpà fún un nígbà tí kò sí iná. Kí ẹ̀rọ tó jẹ ọwọ́ mi, mo ti ń tẹ gìtá, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi, rédíò ni mo ń gbọ́ tí mo fi ń wá a kiri lórí okùn títí mo fi rí i. Lẹ́yìn tí ọwọ́ jinná, ọdún méjì ni gìtá fi wà lókè àjà, mi ò lè wò ó. Adélékè ọkọ mi ní ká gbé e fún ẹni tó máa lò ó. Ọ̀gá rẹ, Ọ̀gá Ernest, ló ní rárá. Ó ní, “Helen, bí òsì ò bá lè tẹ̀ ẹ́ mọ́, ọ̀tún ńkọ́? A ó yí i padà kó bá ọ mu.”

Ó kó okùn náà sódì, èyí tó nípọn bọ́ sí ibi èyí tó tín-ínrín. Ó yọ egungun kékeré tó wà lórí ọrùn rẹ̀, èyí tí okùn máa ń gorí kọjá, ó ní ihò rẹ̀ ò gba okùn tuntun. Ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ó mú egungun wá, ó sè é, ó sá a sórí páànù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wá ń fi irin fáìlì gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń wá fi ìka ọ̀tún mi lé e. Ó ń wọ̀n ọ́n mọ́ ìka mi! Ìka mi tóbi, o ti rí i, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín okùn fún ìka tó tóbi. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí nígbà náà, mo tún un kọ́ látìbẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tó ń rá. Ọ̀gá Ernest ti kú. Ta ló máa gbẹ́ òmíràn? Ìwọ? Ẹnu ara rẹ lo fi sọ fún mi níbi òkú rẹ̀ pé iṣẹ́ egungun yẹn nìkan ni o ò rí kọ́ tán.

Ọjọ́ Ìsinmi yìí ni ìdúpẹ́ àwọn ìyá. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti wà nínú ìjọ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa gbé àga síwájú fún obìnrin pé kó wá tẹ gìtá. Olórí akọrin ní bí mi ò bá gbé e dé ní Ọjọ́ Ẹtì, Tọ́pẹ́ tó ń tẹ gìtá fún wọn ló máa jókòó síbẹ̀. Ọ̀túnla ni Ọjọ́ Ẹtì! Ká tiẹ̀ ní Sọ́ńdè kọjá, kó lọ, kí Tọ́pẹ́ jókòó. Mọ́ńdè ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ yìí ṣe ní Mọ́ńdè, Bọ́dúnrìn? Kí ni mo fẹ́ máa fi ṣe títí màá fi kú?

Jẹ́ kí n fọwọ́ ti tábìlì, ó ti rẹ̀ mí. Fi mí sílẹ̀, mo ní fi mí sílẹ̀, sún agolo yìí sẹ́yìn kó má...

Kí lèyí?

Kí ló wà nínú bébà ẹ̀yìn agolo yìí? Má fọwọ́ kàn án. Mo ti tú u.

Olúwa mi o.

Egungun mi nìyí. Egungun Ọ̀gá Ernest nìyí. Wo ibi tó ti sín in, àmì kékeré tó fi síbẹ̀ kí n lè mọ ẹ̀gbẹ́ òkè. Bọ́dúnrìn, ta ló yọ ọ́?

Mo ní ta ló yọ ọ́?

Ìgbà wo? Sátidé. Ẹni tó rà á gbé e padà wá ní Sátidé, ó ní ó ń fọhùn sódì. Tíṣà Joel, ará Ìbẹfun. O ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí orúkọ rẹ̀? Láti ìgbà tí mo ti dé, o ní o ò mọ ẹni tó rà á, Ràmọ́tà ló tà á, o ò sí nílé. Ó gbé e lé ọ lọ́wọ́ ní Sátidé, ìwọ Bọ́dúnrìn, o yí gìtá Helen, o rí okùn tó wà lódì, o rí egungun yìí, o wá tú u, o sọ ọ́ di gìtá ẹlòmíràn, o sì gbé e padà lé tíṣà lọ́wọ́. O sì wá lọ jẹun alẹ́!

Láti àárọ̀, àṣìṣe ni mo ń bá jà. Mo ń bínú sí okùn tó dẹ̀. Mo ń bínú sí fóònù etí Ràmọ́tà. Ràmọ́tà, jáde wá, má bínú sí mi, ìwọ ò ṣe ju pé o ò fetí sílẹ̀ lọ. Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Egungun gìtá àwọn èèyàn kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí, ò ń fi ìgbálẹ̀ gbá wọn dànù. Èyí nìkan lo wé sínú bébà. Bí o ò bá mọ̀ pé tèmi ni, kí lo wé e fún?

Ojú tì ọ́. Ohun tó o rí sọ nìyẹn, ojú tì ọ́! Tíṣà á lọ sọ káàkiri pé ẹrù oníbàárà lò ń tà. Ojú tì ọ́ níwájú ẹni tí o mọ̀ ní ọjọ́ méjì, kò wá tì ọ́ níwájú mi? Èmi tí mo gbé ọbẹ̀ fún ọ lọ́sẹ̀ tí ọ̀gá rẹ kú, tí o ò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù? O jẹ́ kí n dúró níbí kí n máa na ọwọ́ tó gé sí ọ lójú, kí n máa bẹ̀bẹ̀, egungun mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá rẹ!

Mi ò ní ṣépè. Mo ti ń wá èpè láti ìgbà tí mo ti tú bébà yìí, gbogbo èyí tí mo mọ̀ ló kéré.

Egungun yìí, mi ò jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ mi mọ́. Inú àtẹ́lẹwọ́ mi ló máa wà títí dé Ìbẹfun. Ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mú fáìlì, mú okùn tuntun, mú owó tíṣà dání kí o dá a padà fún un. Ìwọ lo máa sọ ọ́ fún un, ẹnu rẹ lo máa fi sọ ọ́, mi ò ní bá ọ sọ ìdajì. Mú ọ̀kan nínú gìtá ara ògiri yìí fún un, kó má baà lọ lọ́wọ́ òfo, òun náà ò ṣẹ̀ mí. Tí ó bá sì ti gbé gìtá mi fún wa, ní pálọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ lo máa tú u, lójú mi, kí o dá gbogbo rẹ̀ padà bí Ọ̀gá Ernest ṣe fi í sílẹ̀.

Kí ló dé tí o sorí kọ́ báyẹn? Kí ló dé tí o ò dìde?

Bọ́dúnrìn. Wò mí. Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà? Nígbà tí o yọ ọ́, ṣé o fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ yọ ọ́? Ṣé o gé nǹkan kan lára ọrùn rẹ̀? Mi ò pariwo mọ́, o rí i, mi ò pariwo. Mo kàn ń bi ọ́ ni. Ṣé ó máa gba ìka mi mọ́? Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Má wo ìyàwó rẹ, èmi ni mo bi ọ́. Dá mi lóhùn.