Ọ̀já Tí Yèyé Mi So Mọ́ Wa Lọ́wọ́ Létí Òkun

Ògo! Ògo fún Ẹni tí òkun ń gbọ́ràn sí lẹ́nu! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi ké e sókè, torí ohùn mi kéré. Ẹ mọ̀ mí, èmi tí mo máa ń jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá òpó. Lónìí, n kò lè dákẹ́.

Nígbà Kèrésìmesì, Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ní kí èmi, Yèyé mi àti Rúùtù àbúrò mi wá kí òun. A wọ lọ́rì ní Ìkàrẹ́. Nígbà tí a dé, Bọ̀dá ní òun máa mú wa lọ wẹ̀ létí òkun, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń wẹ̀. Yèyé ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe nílé l'Ọ́kà nígbà tí odò bá kún ni a máa ṣe: ọ̀já la máa fi so ọwọ́ wa pọ̀.

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Yèyé, ẹran ni wọ́n ń so o!"

"Ẹran tí a so kì í sọnù," ni Yèyé dá a lóhùn.

Nígbà tí a débẹ̀, Bọ̀dá bi bàbá apẹja kan léèrè ibi tí omi kò ti jìn. Bàbá nawọ́ sí i: "Ibí yìí ni. Kí omi má kọjá orúnkún yín o." Yèyé so ọwọ́ Rúùtù mọ́ tèmi, a wọ inú omi. Ó dùn!

Àfi bí omi ṣe fà sẹ́yìn. Àwa ará orí òkè, bí odò bá ti fà lẹ́yìn òjò, ìgbà yẹn la máa ń sọdá. Yèyé pàtẹ́wọ́: "Ó ti fà! Ẹ sún síwájú!" Rúùtù sáré tẹ̀ lé omi, ó fà mí dání. A ò mọ̀ pé òkun ń padà bọ̀.

Ìgbì dé bí ògiri. Ó bo Rúùtù. N kò rí i mọ́! Ọ̀já ń fa ọwọ́ mi lọ. Mo ki orúnkún bọ iyanrìn, iyanrìn ń yọ́ lábẹ́ mi. Èmi tí kì í pariwo, mo ké: "Jésù! Rúùtù!"

Apẹja ń sáré bọ̀: "Má tú u! Di ọ̀já mú! Ìgbì mìíràn máa gbé e wá!"

Ó gbé e wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n Rúùtù kò mí. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí iyanrìn. Ẹnì kan ní, "Ọmọ yìí ti lọ." Yèyé da ara rẹ̀ sílẹ̀: "Kí ni n ó wí fún bàbá rẹ? Olúwa, mú mi dípò!" Bàbá apẹja da ojú Rúùtù dé, ó ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan. Mo ní, "Olúwa, bí o bá dá a padà, n ó dìde nínú ìjọ, n ó fi ẹnu ara mi sọ ọ́."

Rúùtù wúkọ́. Omi tú jáde. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Yèyé, omi yìí níyọ̀!"

Hàlelúyà! Bàbá apẹja mí kanlẹ̀: "Bí kì í bá ṣe ọ̀já yìí, ibo ni ǹ bá ti wá a?" Bọ̀dá ò rẹ́rìn-ín mọ́, ẹkún ló ń sun.

Ìwọ tí omi bo ẹni rẹ mọ́lẹ̀, tí o ń pè é tí kò dáhùn, má tú ọ̀já. Ọlọ́run mọ ìgbì tí yóò gbé e wá. Mo dúpẹ́, Olúwa, mo dúpẹ́. Ọ̀já náà nìyí lọ́wọ́ mi.

Rúùtù, dìde, jẹ́ kí wọ́n rí ọ.