Àṣẹ́kù Oògùn inú Agolo

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá kan ní Pápá Àjàó, àwa mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Èmi, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Múrí, tí mo ń ránṣọ, tí mo sì ń tọ́jú agolo oògùn fún gbogbo ilé. Síkírá, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tí ikọ́ ń ṣe, tó gba oògùn lọ́wọ́ mi. Àti Gàníyù káfíńtà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó pín oògùn tirẹ̀ sí méjì nítorí àánú. Kò sí ẹni burúkú nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ràṣídà ọmọ mi, ìwọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, kọ ìyẹn kí o tó kọ ohunkóhun.

Àbúrò rẹ ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Lánàá ni mo rí Ràfíù tó ń fún ọmọ yàrá kejì ní kápúsù mẹ́rin tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà. Inú bí Ràfíù. Ó ní, "Màmá, oore ni mo ń ṣe." Mo ní mo mọ̀. Mo mọ oore yẹn dáadáa.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ilé ìgbà náà kò dà bí ti yín. Lónìí, ẹni tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ẹ̀yin àti òun, ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà yẹn, bí ọmọ yàrá kan bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yàrá mẹ́sàn-án tó kù ti gbọ́. Ẹni tó bá sì gba oògùn ní ọsibítù, tí ara rẹ̀ yá kí oògùn tó tán, kì í da ìyókù nù. Ta ló máa da oògùn nù? Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń mú un wá. Agolo bisikíìtì ńlá kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi. Mo fi àjákù aṣọ àwọn oníbàárà mi rán àpò kéékèèké sínú rẹ̀: àpò aláwọ̀ ewé fún ibà, aláró fún inú rírun, funfun fún ikọ́. N kò kàwé kọjá ìwé mẹ́ta. Àwọ̀ ni mo fi ń mọ oògùn. Kápúsù pupa àti yẹ́lò, a máa ń tú u sórí egbò. Ó ń gbẹ egbò... tàbí kí n sọ pé a rò pé òun ló ń gbẹ ẹ́.

Inú mi máa ń dùn sí agolo yẹn. Bí ìyá onílé ni mo rí nítorí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayálégbé ni gbogbo wa. Gàníyù a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí èérún pákó kún irun rẹ̀, á dúró sí ẹnu ọ̀nà mi.

"Dókítà Pápá Àjàó, ẹ kú iṣẹ́ o. Aláìsàn mélòó lẹ pa lónìí?"

"Ìwọ nìkan ló kù."

A ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni nígbà náà.

Síkírá ńkọ́? Ẹ mọ̀ ọ́n bó ṣe rí lónìí. Ẹ kò mọ̀ ọ́n bó ṣe rí nígbà yẹn. Ó ń kọ́ ogún ọmọ ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Kì í lo pàṣán. Etí ló ń lò. Á kọjú sí ọlọ, á máa lọ ata, àwọn ọmọ á wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn á máa ké e lẹ́ẹ̀kan náà. Láìyíjú padà, á ní, "Mùtíù, o ti gé e kúrú. Padà sẹ́yìn. Fà á." Láàárín ogún ohùn. Báwo ló ṣe ń gbọ́ ọ? Mo bi í rí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe ń mọ ojú rírán tó wọ́ nínú aṣọ ni."

Gàníyù ni ikọ́ ife kọ́kọ́ mú. Wọ́n fún un ní oògùn oṣù mẹ́fà ní ọsibítù, oṣooṣù ló ń lọ gbà á. Oṣù kejì kò tíì pé tí ara rẹ̀ ti dá, tó tún ti ń fi èjìká ru pákó. Àsìkò yẹn gan-an ni ikọ́ mú Síkírá. Ó ń làágùn, ó ń rù. Mo ní kó jẹ́ ká lọ síbi tí Gàníyù lọ.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ yẹn, ìta ni wọ́n ti ń tò. Ojú ọ̀nà ni. Gbogbo ìyá àwọn ọmọ mi ló ń gba ibẹ̀ lọ sọ́jà."

"Tí wọ́n bá rí ọ ńkọ́?"

"Ta ló máa rán ọmọ rẹ̀ sí oníkọ́ ife kó wá kéwú? Tí wọ́n bá kó ọmọ wọn lọ, kí ló kù tí mo lè ṣe láyé?"

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ yẹn. Kò bẹ̀rù ikọ́ tó bó ṣe bẹ̀rù kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́.

Gàníyù ló wá bá mi fúnra rẹ̀. Ó gbé oògùn rẹ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ó ní, "Ìyá Múrí, ara mi ti le. Ẹ jẹ́ kí Àǹtí Síkírá máa lo ìdajì, kí èmi náà máa lo ìdajì. Tí mo bá lọ gba ti oṣù tó ń bọ̀, a ó tún pín in." Mo sunkún nítorí inú rere rẹ̀. Mo rán àpò funfun kan, èyí tó kéré jù lọ, kí Síkírá lè máa so ó mọ́ abẹ́ ìborùn rẹ̀. Ẹnì kankan kò mọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ikọ́ náà rọlẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń hó, Síkírá ń lọ ata, mo sì ń sọ fún ara mi pé, wò ó, ọgbọ́n wa ṣiṣẹ́.

Kò pé ọdún kan tí ikọ́ padà. Ó padà sára àwọn méjèèjì. Èyí tó padà yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. A wá lọ sí ọsibítù níkẹyìn. Nọ́ọ̀sì kan tó dàgbà jókòó pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, ó wo ojú Síkírá. "Ṣé ẹ ti lo oògùn ikọ́ ife rí?"

Síkírá wò mí. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Rárá."

Kí nìdí? Ojú ń tì mí. Mo ronú pé tí mo bá sọ ọ́, wọn yóò bèèrè ẹni tó fún un, wọn yóò sì dá oògùn Gàníyù dúró. Nọ́ọ̀sì náà kọ "rárá" sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn kan náà tí ikọ́ náà ti mọ̀, tí kò sì bẹ̀rù mọ́, ọ̀pọ̀ oṣù ló sì fi lo ohun tí kò lè ràn án lọ́wọ́ kí wọ́n tó yí i padà.

Gàníyù ní tirẹ̀ kò dúró gba ìtọ́jú. Ó ní òun ń lọ sílé, pé atẹ́gùn ilé máa tu òun lára. Ọjọ́ tó ń lọ, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà mi bíi ti tẹ́lẹ̀, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. "Dókítà, ṣé nǹkan kan ṣì kù nínú agolo?" Mo wo inú rẹ̀. Àpò funfun ti ṣófo. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ránṣẹ́ sí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ó ti lọ.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gba Síkírá là. Ojoojúmọ́, oṣù lé oṣù. Ó ń jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan nítorí ẹ̀gbẹ́ kejì ti wú. Lẹ́yìn náà ló ní etí òun ń hó, bí ìgbà tí omi bá fẹ́ẹ́ hó nínú kẹ́tù. Dókítà kò tan wá jẹ. Ó ní, "Abẹ́rẹ́ yìí lè mú etí lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó kù tó lè ran yín lọ́wọ́ nìyẹn." Síkírá ní kí wọ́n máa gún un lọ. Ó fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ.

Ó sì padà. Ikọ́ lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó jókòó ti ọlọ, àwọn ọmọ tó ṣẹ́kù ń ké e lẹ́yìn rẹ̀, Mùtíù sì gé e kúrú níbi tó ti máa ń gé e. Èmi tí n kò mọ kéwú pàápàá mọ̀ ọ́n. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo ń retí ohùn rẹ̀. Síkírá yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ní, "Ó dáa. Ẹ máa kà á lọ."

Àwọn ìyá tí a fi àìsàn náà pa mọ́ fún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe nítorí ikọ́.

Ràṣídà ń bi mí bóyá ó dá mi lójú pé pípín tí a pín oògùn ló fà á. Ìbéèrè gidi ni, ẹ̀kọ́ nípa àìsàn àti oògùn ló kọ́. N kò ní parọ́. Kò dá mi lójú. Ó lè jẹ́ pé ikọ́ tó ti gbójú sí oògùn ló ti ara Gàníyù ràn án tẹ́lẹ̀. Dókítà kò sọ ọ́, n kò sì bi í. Ṣùgbọ́n "rárá" tí mo sọ, ó dá mi lójú. Ẹnu mi ló ti jáde. Ràṣídà tún ní kì í ṣe Pápá Àjàó nìkan, pé káàkiri ayé ni kòkòrò àìsàn ti ń mọ oògùn báyìí. Ó ní wọn kì í sábà gún abẹ́rẹ́ yẹn fún irú ikọ́ yìí mọ́, pé oògùn gbígbémì ló kù. Ó dára. Mo bá àwọn tó ń bọ̀ yọ̀. Ṣé ẹ rí i, ó kàn pẹ́ ni.

Ẹ lo oògùn yín tán. Bí nọ́ọ̀sì bá bi yín, ẹ sọ òtítọ́, bó ti wù kí ojú tì yín tó. Èyí tí wọn kò kọ fún yín, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn yín.

Síkírá wà ní yàrá inú. Tí ẹ bá fẹ́ kí i, ẹ yí lọ síwájú rẹ̀ kó rí ẹnu yín. Ọmọ mẹ́ta ṣì ń wá bá a ní ọ̀sán, nítorí ọ̀wọ̀ tí àwọn òbí wọn ní fún un. Á tẹjú mọ́ ẹnu wọn, á máa mi orí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èyí tó kéré jù nínú wọn gé e kúrú, níbi kan náà tí Mùtíù máa ń gé e. Mo gbọ́ ọ láti ibí yìí. Síkírá mi orí, ó ní, "Ó dáa. Máa kà á lọ." Ọmọ náà ń kà á lọ.