Fóònù Ni Mo Fi Ti Ilẹ̀kùn Náà

Wọn yóò yẹgi fún mi. Adájọ́ ti sọ ọ́, mi ò sì bá a jà. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn wọ́dà tó ń wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, tí wọ́n ń bi mí pé, “Oga, how you take do am?” bí ẹni pé iṣẹ́ ọnà ni. Ìpànìyàn ni.

Mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Rumuola, ní Port Harcourt níbí. Ọ̀lẹ ló kọ́kọ́ dán mi wò. Mo to àwọn àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà ilé mi ní Elekahia: bí mo bá tẹ fóònù ní ṣọ́ọ̀bù, á tan jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé, á ti ilẹ̀kùn, á sì fi pálọ̀ hàn mí. Sìdí ìyàwó mi ní, “Baálé mi, ṣé olè ni mí tẹ́ ẹ fi ń ṣọ́ mi?”

Mo ní, “Abeg, na for security.” Irọ́ ni. Wíwò ti di bárakú.

Port Harcourt ni wọ́n bí mi. Nígbà tí mo gbé Sìdí wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo ní kó má kúnlẹ̀ fún mi, pé ayé ti lajú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wo fóònù, mo rí i lórí ìkúnlẹ̀ níwájú géńdé kan tí mi ò mọ̀, ó ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà náà kì í gbé ohùn. Mo ní àlè rẹ̀ nìyẹn.

Sìdí jáde, ọkùnrin náà sùn sórí àga. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tan jẹnẹrétọ̀. Eruku dúdú ìlú yìí ti jẹ́ ká máa ti fèrèsé, èmi gan-an ni mo sì máa ń pariwo pé kí wọ́n ṣí i nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, tí kì í ráyè jáde. Ó jí, ó fa ilẹ̀kùn, ó ṣubú. Mo lè ṣí i. Mi ò ṣí i.

Igbe Sìdí ni mo bá nílé. “Kàmọ́rù ni o, àbúrò yín!” Ọmọdé ni Kàmọ́rù nígbà ìgbéyàwó wa, mi ò sì rí i mọ́ látìgbà náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ni, ó fẹ́ bá mi lójijì.

Mo ní, “Kí ló dé tó o fi kúnlẹ̀ fún un?”

Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè. “Wọ́n bí i kí n tó wọlé yín. Ṣé n máa dúró ṣánṣán kí ọmọ ilé ọkọ mi ni?”

Àṣẹ méjèèjì ṣì wà nínú fóònù nígbà tí ọlọ́pàá gbà á.

Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọwọ́ yín yá, ẹ má bi mí bí mo ṣe ṣe é. Ohun tí mi ò ṣe ni kẹ́ ẹ bi mí. Nọ́ńbà Sìdí wà nínú fóònù yẹn. Mi ò pè é kí n bi í pé, “Ta nìyẹn?”