Ẹlẹ́mu Tó Fẹ́ Di Oníbíà

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n kí òyìnbó tó lọ, orí ìlà tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ní Dùgbẹ̀ ni bàbá kan ti ń bẹ ìyá ẹlẹ́mu rẹ̀ níwájú mi.

“Ìyá, ẹ má kógbá sílé. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù ní Òkè Àdó.”

“Bíà inú ìgò làwọn akọ̀wé ń béèrè, bàbá. Òun ni n ó máa tà.”

“Ta ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú mi, bí ẹ ti máa ń ṣe?”

“Ta ní í tọ́ bíà wò? Wọ́n ti dé e pa.”

“Ohun tí mò ń wí nìyẹn. Ìgò ò mọ̀ mí.”

Gbólóhùn yẹn bá mi délé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi akọ̀wé tí ń mu bíà lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìyá náà ní Òkè Àdó. Ó bu ẹmu, ó tọ́ ọ wò, ó wo ojú mi dáadáa.

“Ọmọ ta ni ọ́?”